Ẹ̀jẹ̀ Mi Ní Èènì

Ohun àkọ́kọ́ tó bá mi lójijì ní Atakpamé kì í ṣe èdè Faransé. Mo ti múra sílẹ̀ de Faransé. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn àti bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà kí n tó kúrò ní Ṣakí. Òkè ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Bí o bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní ìlú yẹn, wàá gun òkè. Bí o bá rántí pé o gbàgbé ṣéńjì rẹ, wàá tún un gùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, orúnkún mi ń bú mi láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ohun kejì ni àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ní Ifẹ̀ ni èdè àwọn, mo sì sọ fún ara mi pé ó tán, ọmọ ìyá ni wá, ilé ni mo dé yìí. Àṣé ìbátan ni, kì í ṣe ìbejì. Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí ẹnì kan bá dá àpárá nínú agbo, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á nu ojú, ìgbà náà ni tèmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ bú jáde. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Inú máa ń bí mi. N kì í ṣe ẹni tí inú kì í bí, mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìṣó ni mò ń tà, àti àgádágodo, àti wáyà, àti òòlù. Àbúrò bàbá mi ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó padà sí Ṣakí, ó ní kí n lọ dúró níbẹ̀. Agolo ni mo fi ń wọn ìṣó. Bí agolo bá ti kún dé ẹnu, n ó tún bu ìkúnwọ́ kan lé e lórí, kó gẹ̀gẹ̀, kí díẹ̀ máa já bọ́ sílẹ̀. Èènì nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, agolo tó kún dé ẹnu tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, agolo ahun ni. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè lóye ìwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ rò fún yín yìí.

Ọ̀rọ̀ inú ni. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán.

Mo ti lo ọdún kan àti díẹ̀ níbẹ̀ kí inú mi tó bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Á wú, á máa kùn, á lọ́ mi bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Bí mo bá ti yàgbẹ́ tán, ara á fúyẹ́. Lọ́sẹ̀ kan, omi ni. Lọ́sẹ̀ kejì, á tì pa ju àgádágodo tí mò ń tà lọ. Ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo àwa ayálégbé ń lò, lẹ́yìn igi máńgòrò, àmọ́ ká sọ òtítọ́, èmi ni mo ni ín, àwọn yòókù ń yá a lọ́wọ́ mi ni. Bí wọ́n bá ti rí èmi àti bútà mi tí à ń bọ̀, wọ́n á yà fún wa bí ìgbà tí mínísítà ń kọjá.

Onílé mi, Davi Odile, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bò. Davi ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ju ènìyàn lọ níbẹ̀, bí àwa ṣe ń sọ pé àǹtí. Ọmọ ìlú Akparé ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan láyé tó gbàgbọ́ pé ó yẹ ká sọ ní ìkọ̀kọ̀. Láràárọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ìdáná rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, á ké sí mi.

"Ọmọ Nàgó! Inú ńkọ́?"

"Ó wà, Davi."

"Ó wà níbo? Mo gbọ́ ọ kí àkùkọ tó kọ."

Nàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò gba ìkíni náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó wá ra ìṣó á kọ́kọ́ béèrè inú mi. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbonou á dúró béèrè inú mi. Ìtìjú fẹ́ pa mí. Ní Ṣakí, ènìyàn lè kú nítorí inú kí aládùúgbò rẹ̀ má mọ̀. Ọlá la ka ìyẹn sí.

Ìpè láti ilé ló máa ń dá kún un. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á pè mí. Bọ̀dá Ràsákì ní kẹ́mísì. Kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, àmọ́ ó ti ta oògùn pẹ́ débi pé kò sí àìsàn tó ń bà á lẹ́rù mọ́, àyàfi èyí tó bá wà lára ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Kí lo tún ń wá níbẹ̀? Wálé. Kẹ́mísì mi fẹ̀, wá bá mi jókòó." Mo mọ ohun tí "bá mi jókòó" túmọ̀ sí. N ó máa ra obì fún un, n ó máa bá a lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn á sì máa pè mí ní àbúrò Ràsákì títí irun mi á fi funfun. Ní Atakpamé, ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ibi tí màlúù kan lè yí padà sí lọ, àmọ́ èmi ni mò ń ṣí i, èmi ni mò ń tì í. N kò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Bí fóònù bá ti dún lọ́jọ́ Jímọ̀, inú mi á ti máa kùn kí n tó gbé e.

Davi Odile ló fi agbára mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ìgbẹ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkùnrin tó wà ní láàbù fún mi ní èsì ẹ̀jẹ̀, ó ní dókítà kò sí níjókòó, kí n mú un padà wá lọ́la. Mo wo bébà náà. Faransé kún inú rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ni nọ́ńbà. Mo fi ìka tọ́ ìlà kan, mo béèrè ohun tó jẹ́. Ọkùnrin náà ní àwọn funfun inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, àwọn ni ọmọ ogun tó ń gbèjà ara. Ó ní kí n jẹ́ kí dókítà túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ìtumọ̀ wo ló tún kù? Wọ́n ti tẹ òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: láti ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Tèmi lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Agolo wọn kún, tèmi tún gẹ̀gẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi fi gbẹ. Bàbá arúgbó kan jókòó nítòsí mi, ó ní kí n bá òun wo tòun. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Bàbá, ẹ má bọ́hùn, Ọlọ́run á fi kún un." Ó ṣe àmín tọkàntọkàn.

N kò lè dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Mo pe ilé.

"Ìyá, wọ́n ka ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ju iye tí wọ́n ń fẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ní èènì!"

Ìyá mi ní, "Alihamudulilahi! Ọlọ́run má jẹ́ kó dínkù." Ó dùn ún débi pé ó gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi kó lè gbọ́.

Bọ̀dá Ràsákì gba fóònù. Ó ní, "Tún iye yẹn pè." Mo tún un pè. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni ń túfọ̀. "Ṣé o mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ funfun bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń jẹ? Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn." Mo gbọ́ tí ìyá mi figbe ta lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn igbe náà, mo gbọ́ tó ń béèrè ibi tí báàgì òun wà.

Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá mú lọ sílé nìyẹn. N kò tà mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi àti bútà la jọ lo ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Davi Odile tẹ̀ lé mi wọlé lọ bá dókítà, kó lè máa túmọ̀. Obìnrin ni dókítà náà, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó béèrè bóyá ibà ń ṣe mí. Rárá. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́? Rárá. Ṣé inú náà máa ń jí mi lójú oorun? Rárá. Ṣé mo ń rù? Davi Odile kò tilẹ̀ túmọ̀ èyí fún mi, ó gbá mi ní ikùn, ó ní kí dókítà fojú ara rẹ̀ wò ó. Ìgbà wo ló máa ń le jù?

"Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é," ni Davi Odile wí. "Fóònù á dún, ọmọ Nàgó á sáré."

Dókítà ń kọ nǹkan lọ, ó sì gbójú sókè. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, èyí tí mo yọ kúrò nínú bàtà.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn?"

Mo ní kò sí nǹkan. Davi Odile ní irọ́ ni, ó ti ń tiro láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí rò: ìṣó ni mo tẹ̀. Èmi tí mò ń ta ìṣó! Ta ni yóò tún ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ gún? Mo ti rọ epo pupa sí i, mo fi àkísà dì í, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Dókítà tú àkísà náà. Davi Odile bo imú, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

"Ogun tí wọ́n ń jà nìyí," ni dókítà wí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó sọnù. Ó ṣàlàyé, Davi Odile ń túmọ̀. Ó ní nọ́ńbà yìí nìkan kì í ṣe àìsàn, ìròyìn ni. Bí ọmọ ogun bá pọ̀ sí i, ká béèrè ibi tí ìjà wà. Tèmi lé díẹ̀ ni, ẹsẹ̀ tó ń ṣọyún sì tó láti fà á. Ẹ̀rù tàbí eré sísá pàápàá lè gbé e sókè fúngbà díẹ̀. Ó ní òun ti wo àwọn ìlà tó kù, ẹ̀jẹ̀ pupa pé, gbogbo rẹ̀ sì wà bó ṣe yẹ, òun kò rí àmì jẹjẹrẹ kankan. Mo béèrè bí èènì náà kò ṣe dára. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀, bó bá pọ̀ jù, a ó wádìí. Bó bá kéré jù, a ó wádìí. Èyí tó wà láàárín là ń fẹ́. Mo rántí bàbá arúgbó àná, ojú sì tì mí. Tirẹ̀ ló dára!

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kí àrùn ipá tí ìṣó máa ń fà má baà mú mi, wọ́n fún mi ní oògùn ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi kà bí egbò bá jiná. Mo pe ilé láti sọ ọ́. Bọ̀dá Ràsákì ní bí wọ́n ṣe máa ń fi ọkàn aláìsàn balẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ti wà lójú ọ̀nà.

Ó dé pẹ̀lú báàgì méjì. Ọ̀kan ni aṣọ rẹ̀ wà. Èkejì ṣófo, tèmi ni ó fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ó ṣí ìpéǹpéjú mi wò, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sunkún, ó sì ní Ọjọ́ Àìkú la ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí ilé ìwòsàn bí egbò náà bá ti jiná.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, egbò jiná, èmi, ìyá mi àti Davi Odile la jọ wọlé. Nọ́ńbà tuntun jáde: ẹgbẹ̀rún méje.

Ìyá mi dìde. "Ó dínkù? Ta ló kó wọn lọ?"

Nígbà tí Davi Odile túmọ̀ rẹ̀, dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ogun ti parí, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n pè kún wọn ti túká. Ìyá mi jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú tó ń dà á láàmú ńkọ́?

Dókítà ní àwọn ti yẹ ìgbẹ́ wò, kò sí aràn, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ohun tó jọ egbò inú. Ó ní ìfun mi kò bàjẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò tọ́: ó ń tètè bínú. Ohun kékeré tí ìfun ẹlòmíràn á fojú fò, tèmi á gbé e kanrí.

"Ìfun tó ń bínú?" ni ìyá mi wí. "Bí ta ni?"

Davi Odile yí orí sí ọ̀dọ̀ mi.

Dókítà ní kì í pa ènìyàn, kì í sì í lọ lọ́jọ́ kan. A máa ń kọ́ láti bá a gbé ni. Kí n máa jẹun lásìkò. Kí n jókòó jẹun, kí n rún un. Ó béèrè ohun tí mò ń jẹ láàárọ̀, mo ní àyímólù ni, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, pẹ̀lú ata púpọ̀, lórí ìdúró, kí oníbàárà tó dé. Ó di orí mú. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀wà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ká wò ó, kí n tún un bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá ṣe ẹ̀wà, ká wo mílíìkì alágolo, ká wo kọfí. Kí n má pa gbogbo oúnjẹ tì lẹ́ẹ̀kan náà, ebi náà ń bí ìfun nínú. Kí n máa rìn. Rírìn kẹ̀? Ní Atakpamé? Ó fún mi ní oògùn tí n ó máa lò bó bá lọ́ mi jù. Bí mo bá sì rí ẹ̀jẹ̀, tàbí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù, kí n má dúró bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, kí n máa bọ̀.

Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ẹbí wa tí inú rẹ̀ rí báyìí, nítorí ó máa ń wà nínú ìdílé mìíràn.

"Kò sí," ni mo dáhùn.

Ìyá mi ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò tutù. "Bí mo bá sọ ọ́," ló wí, "kò gbọdọ̀ dé Ṣakí."

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé gbogbo àdúgbò wa ló mọ ìyá mi sí aláàwẹ̀. Bí ìnáwó bá wà, ó gbààwẹ̀. Bí ìrìn àjò bá wà, ó gbààwẹ̀. Lèmọ́mù máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn obìnrin nínú wáàsí.

"Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni," ló wí. "Wọ́n ń sìn mí lọ ilé ọkọ, mo ń ní kí wọ́n dúró de mi lẹ́bàá igbó. Wọ́n rò pé ẹkún ìyàwó ni mò ń lọ sun. Láti ìgbà náà, bí mo bá mọ̀ pé mò ń jáde, mi ò ní jẹun. Ènìyàn wá ń pè é ní ààwẹ̀, mo bá fi àníyàn rẹ̀ kún un. Èmi àti Ọlọ́run la jọ ni ín."

Davi Odile di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ìyá mi wò ó pẹ̀lú ìbínú, ó tún un wò, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú, èyí ń fi Ifẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí ń fi Yorùbá fèsì. N kò rí ìyá mi kí ó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí pé mo dàgbà tó báyìí kí n tó mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà.

Síbẹ̀, báàgì tó ṣófo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ Àìkú kọjá, ó ní ká sún un síwájú díẹ̀. Ó ń wo ilé náà. Ó rí i tí Davi Odile ń bu ìrẹsì mi sọ́tọ̀ kó tó da ẹ̀wà sí tàwọn tó kù. Ó rí àwọn tó ń kọjá tí wọ́n ń béèrè inú mi, tí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Lọ́jọ́ tí mo gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Elavagnon tó jìnnà, lọ àti bọ̀, láìní kí ọlọ́kadà dúró lẹ́bàá igbó kankan, bí mo ṣe wọlé ni wọ́n bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó. Mo ní kò sí rárá! Gbogbo ayálégbé pàtẹ́wọ́, ẹnì kan lu páànù. N kò tíì gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kì í ṣe ní ilé ìwé, kì í ṣe ní ilé kéú. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, fóònù dún. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ ń mú un bọ̀ wálé?"

"Ta ni?"

"Àbúrò mi ni mò ń wí."

"Ó wà nílé."

"Ilé? Mi ò rí i o."

"Ràsákì," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "láti ìgbà tí o ti ń ta oògùn, ṣé o béèrè bí inú ọmọ yìí ṣe rí, rí? Èmi tí mo bí i, mi ò béèrè rí. Níbí, ẹni tí kò bá a tan ń béèrè láàárọ̀, ó ń béèrè lálẹ́. Ilé ló wà. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀."

Mo dìde wéré, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo gbọ́ tí Davi Odile ń sọ fún ìyá mi pé inú náà ló tún dé yẹn. Kì í ṣe inú. Ojú mi ló ń ṣomi, n kò sì fẹ́ kí gbogbo àdúgbò tún máa béèrè ojú mi.